Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Bẹ̀ Mí Nítorí Ìdámẹ́rin

Nígbà tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa sọ pé kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí ara wọn máa pàdé, kí wọ́n máa wo bí ẹnì kejì wọn ṣe ń kọ́ ọmọ, èmi ni mo fún un lórúkọ. Mo ní, "Ṣebí àáró nìyẹn." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí ọmọ àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ìjerò tí kò mọ àáró. Lónìí gbogbo wa ro oko mi, nígbà mìíràn gbogbo wa ro tìrẹ. Ẹni tó bá jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn tán tí kò wá san tirẹ̀, kò ní lè gbójú sókè nílùú mọ́. A ní bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe kíláàsì. Ẹ ó wá sí tèmi, ẹ ó jókòó sẹ́yìn, ẹ ó wò mí, ẹ ó sì bá mi tún ibi tó wọ́ ṣe. Tó bá yá, èmi náà á wá sí tiyín.

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oko yàtọ̀ sí kíláàsì. Bí èèyàn bá wo ebè rẹ tí ó wọ́, ebè ló wọ́. Bí wọ́n bá wo bí o ṣe ń kọ́ ọmọ, tí ibẹ̀ wọ́, ìwọ gan-an lo wọ́.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ wò, torí pé nínú àwọn tó ṣì ń mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, èmi ni àgbà. Ẹnì kan ṣoṣo ló jù mí lọ láàrin wa, ìyẹn ọ̀gá àgbà kan, obìnrin tí a fi ṣe alága, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ n'Íjerò. Àlọ́ ni mo sì fi ń kọ́ ohun gbogbo, ìṣirò pàápàá. Ìyá tó bí ìyá mi ló gbìn ín sí mi lára, l'Ẹ́fọ̀n, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó máa ń sọ pé àlọ́ tí kò lórin dà bí iyán tí kò lọ́bẹ̀: o lè gbé e mì, ṣùgbọ́n ta ló fipá mú ọ? Nítorí náà, kò sí ẹ̀kọ́ mi tí kò lórin. Bí mo bá lé e, àwọn ọmọ á gbè é, kíláàsì tó wà lódì kejì á sì dákẹ́ láti gbọ́ wa. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdá ni gbogbo wa fẹnu kò sí pé a ó kọ́: ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń kọsẹ̀, láti Ìjurìn títí dé Ara.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n gbọn eruku ara aṣọ wọn dànù, wọ́n wọlé. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ni wọ́n jókòó sí lẹ́yìn, tí orúnkún wọn ń wá àgbọ̀n wọn. Ọ̀gá àgbà wo bẹ́ǹṣì, ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Bí mo bá jókòó síbí, ẹ ó fi kéréènì gbé mi dìde." Wọ́n gbé àga wá fún un. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni l'Ára jókòó sí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan láti Ìjurìn wà ní ìkángun, ó fi híjáàbù aláwọ̀ ewé borí. Kò tíì pẹ́ tó wọ iṣẹ́. Ìdílé oníṣòwò ni ọkọ rẹ̀ ti wá, òun náà sì máa ń bá wọn tajà ní ọjọ́ ọjà. Nígbà tó kí mi, ó kúnlẹ̀ débi tí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá arúgbó kan wà, uṣu kan ṣoṣo ló kù ú kù nínú àká. Bí a ti ń pè é nílé ni mo ṣe pè é, mi ò sọ pé iṣu, kí ó lè sún mọ́ wọn. Àlejò kan dé, ìyá arúgbó gé e sí méjì, òun pẹ̀lú àlejò. Kí wọ́n tó fi kan ẹnu, àlejò mìíràn kan ilẹ̀kùn. Ó di mẹ́ta. Òmíràn tún dé. Orin wọlé:

*Ìyá arúgbó, àlejò dé,*
*Pín in o, pín in!*
*Uṣu kan ṣoṣo, ẹnu ti pọ̀,*
*Pín in o, pín in!*

Àwọn ọmọ gbè é tó fi jẹ́ pé páànù òrùlé ń gbọ̀n. Nígbà tí àlejò tó dé kẹ́yìn rí ègé tó bọ́ sí i lọ́wọ́, mo ṣe ojú rẹ̀, mo ṣe ẹkún rẹ̀, ọ̀gá àgbà fi gèlè nu omi ẹ̀rín lójú. Mo kọ ìdámẹ́ta sí bọ́ọ̀dù, mo kọ ìdámẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo yí padà.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sààà!"

Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yin ọmọdé olùkọ́, ṣé ẹ rí i? Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́, sinimá ni!"

Ọmọkùnrin Ara dìde. "Bàbá, ẹ dákun, èló ni orin yẹn? Mo fẹ́ rà á."

"Mú un lọ. Àgbà kì í ta orin fún ọmọ."

Gbogbo wọn ń kí mi, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ìgbà náà ni olùkọ́ Ìjurìn na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan?"

"Bi wọ́n, ọmọ mi. Bí o bá fẹ́, bi wọ́n ní mẹ́wàá."

Ó bọ́ síwájú. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú èyí tó tóbi jù, ṣé ìdámẹ́ta uṣu yẹn lẹ máa mú, àbí ìdámẹ́rin?"

"Ìdámẹ́rin!"

Gbogbo wọn pa á pọ̀ ni, pẹ̀lú ayọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gbe orin. Ó rò pé wọn ò gbọ́ òun, ó tún un bi. Wọ́n tún un pariwo. Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan níwájú. "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdámẹ́rin?"

"Torí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ, mà."

"Ó dáa. Àlejò tó dé kẹ́yìn yẹn, kí ló ṣe é tó fi sunkún?"

"Uṣu rẹ̀ kéré, mà!" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan lé orin láti ẹ̀yìn, ni gbogbo wọn bá tún gbà á: *Pín in o, pín in!*

Olùkọ́ náà dúró kí wọ́n parí. Ó wá kọjú sí mi, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá, ó ní, "Sà, ó jọ pé wọ́n mọ àlọ́ yẹn dáadáa. Ìdá ni wọn ò mọ̀."

Mo mú dọ́sítà, mo ń nu bọ́ọ̀dù níbi tí kò sí nǹkan kan. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀gá àgbà ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́?" Wọ́n kó báàgì wọn, wọ́n lọ, ìkíni tí wọ́n kí mi ní ẹnu ọ̀nà sì dà bí èyí tí wọ́n ń kí ẹni tí òfò ṣẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Àrámọ̀kọ, kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Mo ròyìn fún un. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ṣé ó purọ́ mọ́ yín ni, bàbá wọn?"

"Kò purọ́."

"Ṣé ó bú yín?"

"Kò bú mi."

"Kí ni ọbẹ̀ mi wá ṣe?"

Mo lọ jókòó síta. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé ọmọdé bi mí ní ìbéèrè lójú èèyàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi, ọmọ ọmọ apàlọ́, ló yẹ kí n ti mọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ń gbe orin kò nílò kí ó mọ ibi tí orin ń lọ? Ìṣẹ́jú kan péré ni ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí àlọ́ fi ń kọ́ ègbè. Ó lè máa tòògbé, kó ṣì máa gbè é. L'Ẹ́fọ̀n, àwa ọmọ máa ń gbè é títí oorun á fi gbé wa lọ, ègbè kò ní já. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró níwájú ọmọ, láti ọdún dé ọdún, tí mo ń bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, tí wọ́n ń gbè é fún mi pé ó yé wọn, tí mo ń lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn. Mélòó nínú wọn ló ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, tí wọ́n mọ orin mi tí wọn ò mọ̀ pé ìdámẹ́rin kéré sí ìdámẹ́ta?

Mo ti pinnu pé bí a bá tún pàdé, màá sọ fún olùkọ́ Ìjurìn pé òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ìpàdé náà dé.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wà ní pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ "Àgò onílé o." Ọ̀gá àgbà ni, ó wọ aṣọ tó dáa, ọmọkùnrin Ara tẹ̀ lé e, olùkọ́ Ìjurìn wà lẹ́yìn wọn, ó ń wo ilẹ̀. Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, ọmọbìnrin náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ọ̀gá àgbà ní, "Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ọmọdé ló ṣe é, kò mọ̀. Ó ta epo sí aṣọ àlà wa. Gbogbo wa la ti bá a wí. Bí ẹ bá fi èyí yẹra, a mọ̀ pé àáró tú nìyẹn, torí kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí wọ́n wo òun mọ́."

"Òótọ́ ni, sà," ni ọmọkùnrin Ara sọ. "Èmi ló kàn. Bí wọ́n bá lè ṣe yín báyẹn, ẹ̀yin àgbà, èmi ńkọ́? Wọ́n á bó mi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Olùkọ́ Ìjurìn sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè. "Ẹ má bínú sà. Mo ṣe ohun tí kò yẹ. Mi ò ní dán an wò mọ́."

Mo la ẹnu. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ yìí..." Ọ̀gá àgbà rò pé mo fẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ ni. Bó ṣe di ọwọ́ àga mú nìyẹn, tó rọra fi orúnkún kan kan ilẹ̀, tó fi ìkejì kàn án. Obìnrin tó jù mí lọ ní ọjọ́ orí. Obìnrin tí mo ń kí ní ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Kò sí àlàyé tí èèyàn lè máa ṣe lórí àgbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fò dìde, mo na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dìde, ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ dìde! Ó ti tán. Ó ti tán! Mo ti dárí jì í."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi ṣe sọ ọ́. Mo ti dárí jì í. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò, ọmọkùnrin Ara pa àwàdà, ọ̀gá àgbà ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé ìgò tirẹ̀ dání títí wọ́n fi dìde, kò fi kan ẹnu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi wá kó ìgò. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ dárí jì í."

Mo na ìgò kan sí i.

"Kí ló ṣẹ̀ yín, bàbá wọn? Kí èmi náà lè mọ̀, kí n má bàa ṣẹ irú rẹ̀."

Nígbà tó yá, ó kan Ara. Mo gun ọ̀kadà lọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọmọkùnrin yẹn wọ táì. Ó kí àwọn ọmọ rẹ̀, ó fa ọ̀fun, ó ní, "Ìyá arúgbó kan wà..."

Orin mi ni. Ó fi ijó kún un, ó fi àtẹ́wọ́ kún un. Àwọn ọmọ Ara gbè é ju àwọn ọmọ mi lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohun tí mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tó ń tì mí tẹ́lẹ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ yẹn. Ó parí, ó ní, "Ṣé ó yé yín?" wọ́n ní ó yé wọn, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú orí ire. Ìgbà tó kan olùkọ́ Ìjurìn, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó dára gan-an." Ó fi ojú wá síìpù báàgì rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé o kò ní ìbéèrè?"

"Rárá, sà."

"Má fi mí ṣeré. Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Ìgbà tí mo rí i pé kò ní sọ ọ́, tí mo sì mọ ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́, mo dìde fúnra mi, mo lọ síwájú, mo bi àwọn ọmọ Ara ní ìbéèrè tó bi àwọn tèmi.

"Ìdámẹ́rin!" ni wọ́n pariwo, gbogbo wọn.

Ojú ọmọkùnrin náà rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣí ní fìlà lọ́jà. "Bàbá," ó sọ jẹ́jẹ́, "ẹ ti pa mí."

"Kì í ṣe ìwọ. Orin mi ni. Èmi ni mo kó o ràn ọ́." Mo kọjú sí ọ̀gá àgbà. "Ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ wá bẹ̀ mí, ọmọ yìí kò ṣẹ̀ mí. Òótọ́ ló sọ. Mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni kí ẹ tó wọlé, mo sì jẹ́ kó kúnlẹ̀."

Ọ̀gá àgbà gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. "Orúnkún mi tó ń dùn mí di òní yìí, lásán ni mo fi kan ilẹ̀?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

"Mi ò bínú. Mo ń béèrè ni. Ní pálọ̀ yín, ẹ ní ó ti tán. Ẹnu wo ni ká wá gbà báyìí?"

Mo yí sí olùkọ́ Ìjurìn, mo ní, "Jọ̀wọ́, bá wa sọ̀rọ̀." Ìgbà náà ni ìbínú yọ lójú rẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀, sà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọkọ mi ti ní kí n pa ẹnu mi mọ́ níbi iṣẹ́. Ẹnu mi ni mo ń pa mọ́ yìí."

Ọmọkùnrin Ara ló gbà wá sílẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, àwọn ọmọ ń wò wá o. Èyí ti dùn ju àlọ́ lọ lójú wọn." Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi. "Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ lorin. Ẹ tún un ṣe."

Mo gbà á. Ẹ wo àgbàlagbà níwájú ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, láìsí àlọ́, láìsí orin. N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ya iṣu méjì sí bọ́ọ̀dù. Ọmọ kan ní, "Bàtà ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pín ọ̀kan sí mẹ́ta, mo pín ìkejì sí mẹ́rin. Mo pe ọmọ kan tó sá pamọ́ sí ìkángun, mo ní kó fi ìka kan èyí tó tóbi jù hàn mí. Ọmọ náà dákẹ́. Ara mi ò gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn; orin ti dé ètè mi.

"Ẹ dúró dè é, sà."

Olùkọ́ Ìjurìn ló sọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Mo gbé orin mì. Mo dúró. Ọmọ náà rìn wá, ó wò ó títí, ó fi ìka kan ìdámẹ́rin.

"Kò lè ṣe kó má mú un!" Ọ̀gá àgbà ti dìde. "Ṣé ẹ ò rí i pé iṣu kejì yẹn tóbi ju àkọ́kọ́ lọ ni? Iṣu yín ò dọ́gba! Èmi gan-an, òun ni màá mú!"

"Òun ni mo fẹ́ sọ, mà," ni olùkọ́ Ìjurìn sọ.

"Sọ ọ́ nígbà náà! Ṣé ó dìgbà tí mo bá tún kúnlẹ̀ ni?"

"Ká má ya iṣu rárá. Ká fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní pépà méjì tó dọ́gba, kí wọ́n ká a fúnra wọn. Kí ẹnikẹ́ni má dáhùn títí ọwọ́ kálukú á fi..."

"Pépà dà?" ni ọ̀gá àgbà sọ. "Níbo la ti máa rí pépà tó tó bẹ́ẹ̀? Búrẹ́dì ńkọ́?"

"Wọ́n á jẹ ẹ́ kí wọ́n tó pín in, mà," ọmọkùnrin Ara sọ. "Ẹ ò mọ àwọn ọmọ mi."

Agogo ìsinmi lù, àwọn ọmọ tú jáde, àríyànjiyàn ò dúró. Ẹnì kan ní kí wọ́n lo ewé kókò, ọ̀gá àgbà ní ewé kì í dọ́gba, wọ́n kó ara wọn jọ sídìí tábìlì kan, wọ́n ń gba ẹnu ara wọn. Mo ṣì dúró sídìí bọ́ọ̀dù, efun ṣọ́ọ̀kì wà lára ṣòkòtò mi. Kò sẹ́ni tó kí mi. Ojú ṣì ń tì mí, mo mọ̀ pé á ṣe díẹ̀ kí ó tó kúrò lára mi.

Mo wá fà mọ́ tábìlì náà. Olùkọ́ Ìjurìn ti pépà kan sí ọ̀dọ̀ mi láì wò mí. Mo ká a sí mẹ́ta. Apá kan fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

"Kì í ṣe báyẹn, sà," ó ní. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó fi ọwọ́ nà án lórí tábìlì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti etí.